Ọjọ́ Ikú Erin: Orúkọ Láìsí Ẹran, Egungun Láìsí Orúkọ

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì ti lò débi pé a ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́: ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Bí olóṣèlú kan bá ṣubú, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àná bá ń bú u lórí rédíò, a ó pa á. Bí bàbá olówó kan bá kú, tí àwọn ọmọ ń jà sí ilé, a ó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ta ni nínú wa ló ti rí òkú erin rí? Ta ló ti rí ẹni tó yọ ọ̀bẹ sí i? Láti Ìbà dé Okokomaiko, ká tún gba Ọ̀jọ́ kọjá lọ sí Ìjanikin, mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ti fojú ara wọn rí erin tó wà láàyè, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rí lórí fóònù? Síbẹ̀ erin kún ẹnu wa fọ́fọ́.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí òwe, sí oríkì, sí ìtàn, nígbà tí ẹranko tó bí wọn bá ti kúrò nítòsí? Kí ìbéèrè náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rin ọ̀nà jíjìn, ká dé ilẹ̀ Ọsirélíà, torí pé òdìkejì tiwa ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ wà nílẹ̀, ẹran ló sọnù. Lọ́dọ̀ tiwọn, egungun wà nílẹ̀, orúkọ ló sọnù.

Ẹran tí à ń wí ni Diprotodon. Ìran rẹ̀ ti parun láti ohun tó lé ní 40,000 ọdún sẹ́yìn. Ewéko ló ń jẹ. Ó ga tó mítà 1.8 ní èjìká, ìyẹn ni pé èjìká rẹ̀ lásán ga ju orí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àwọn tó wọn egungun rẹ̀ ṣírò pé èyí tó tóbi jù nínú wọn lè wúwo tó 2,700 kílógíráàmù. Ẹ fojú inú wo dánfó kan tí èrò kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, tí kọ́ńdọ́ sì so rọ̀ sí i. Ẹran ni o, kì í ṣe mọ́tò. Kì í sì í ṣe ìran erin, kì í ṣe ìran màlúù. Ẹran alápò ni, irú ẹran tó ń bí ọmọ rẹ̀ ní kékeré jọ̀jọ̀, tí ọmọ náà á wá dàgbà nínú àpò tó wà níkùn ìyá rẹ̀, bíi ti kàǹgárúù. Nínú gbogbo ẹran alápò tí ẹ̀dá tíì mọ̀, òun ló tóbi jù. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni wombat, ẹran kúkúrú kan tó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ bí òkété, àti koala tó ń gbé orí igi.

Báwo ló ṣe gba orúkọ? Ní 1830, wọ́n rí egungun ńláńlá nínú àwọn ihò àpáta ní Wellington, ní New South Wales. Thomas Mitchell tó jẹ́ awọnlẹ̀ ìjọba kó wọn ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Ní 1838, Richard Owen tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ egungun fún ẹran náà lórúkọ. Ọkùnrin yìí kò dé Ọsirélíà rí. Eyín ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, eyín náà ló wò; ó rí méjì tó yọ síwájú, ó sì fi èdè Gíríìkì pè é bẹ́ẹ̀: eléyín méjì iwájú. Ó parí. Gbogbo oríkì tí ẹran tó tó dánfó ní láyé nìyẹn.

Ẹ wá wò ó. Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀dá ènìyàn níbẹ̀ nígbà tí ẹran náà ń jẹ̀ kiri. Àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà (kì í ṣe irú ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ yín o, àwọn tó ni ilẹ̀ gan-an là ń wí) ti dé ibẹ̀ kí ìran Diprotodon tó pa run. Wọ́n rí i. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ọmọdé kan á ti béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé kí nìyẹn, ìyá rẹ̀ á sì ti dá a lóhùn. Ìdáhùn yẹn ni kò sí mọ́. Nígbà tí àwọn Òyìnbó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ náà ní 1788, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lé ní 250. Lónìí, díẹ̀ nínú wọn ni ọmọdé ṣì ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Àwọn kan máa ń so ìtàn bunyip, iwin inú àbàtà tí àwọn onílẹ̀ náà ń sọ, mọ́ egungun Diprotodon, pé bóyá ìrántí ẹran náà ló di iwin. Bóyá ni, bóyá kọ́. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó wá sọ ọ́ lórúkọ gbẹ̀yìn, ẹnì kan tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe wa. Ta ló pa Diprotodon? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan yọ ọ̀bẹ ọdẹ: wọ́n ní ènìyàn ló dé tó sì pa á jẹ. Àwọn kan yọ ọ̀bẹ ọ̀dá: wọ́n ní ojú ọjọ́ ló yí padà, tí omi gbẹ, tí koríko tán. Àwọn mìíràn yọ ọ̀bẹ iná: wọ́n ní iná tí ènìyàn ń dá sóko ló yí igbó padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan sì ní gbogbo rẹ̀ ló pawọ́ pọ̀. Oríṣiríṣi ọ̀bẹ nìyẹn lóòótọ́. Ìgbà tí a gbé òwe náà síbẹ̀ ni a wá rí ohun kan tí a kì í kíyè sí nínú rẹ̀: òwe náà kò bi wá léèrè pé ta ló pa erin. Ìgbà tí ẹran ti kú tán ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ ló ń wò, kò wo erin. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, erin nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. A ti sọ ọ́ di ẹran lásán kí á tó la ẹnu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òwe erin ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé èyí tó tẹ̀ lé e yìí yẹ̀ wò: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká gbà pé a rí erin. Bí a ṣe máa ń kọ́ ọ ní ilé ìwé ni pé ẹran ńlá ni erin, ẹni tó bá ní fìrí lòun rí i ń purọ́ ni. Ìtumọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ẹni tó ń gbé ìgboro ni. Nínú igbó kìjikìji, pẹ̀lú bí erin ṣe tóbi tó, ó lè dúró sáàárín ewé kí o má rí i. Bó bá sì rìn, ó lè wọ inú igbó lọ láì pariwo. Fìrí gan-an ni ọdẹ máa ń rí i. Torí náà ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ erin, ó mọ igbó. Ohun tó ń sọ le ju "má purọ́" lọ. Ohun tó ń wí ni pé bí ojú rẹ bá tiẹ̀ rí i díẹ̀, jẹ́rìí sí i. Pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Òwe ẹ̀rí ni, òwe ẹni tó wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn wá nìyí. Àwa tí à ń pa òwe náà lónìí, a ò tiẹ̀ rí fìrí. Àjànàkú ló wà lẹ́nu wa láìsí "mo rí" tó yẹ kó bá a rìn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjálá. Ní 1966, Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní Oxford. Lára ohun tó fi hàn nípa bí àwọn ọdẹ ṣe ń sun ìjálá ni pé ẹni tó ń sun ún kò dá wà. Àwọn oníjàálá mìíràn wà níjokòó, wọ́n ń tẹ́tí. Bó bá ki ẹran ní àkìgbé, bó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá a dúró níṣojú gbogbo ayé, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ gbọ́ o: ìṣẹ́ alámèyítọ́ nìyẹn. Kì í ṣe yunifásítì ló mú un wá. Inú agbo ọdẹ ló wà, ohun tó sì fún un lágbára ni pé ẹni tó ń kì àti ẹni tó ń gbọ́, àwọn méjèèjì ti rí ẹran náà. Wọ́n mọ etí rẹ̀, wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá ní ọmọ lẹ́yìn. Oríkì ẹranko nínú ìjálá kì í ṣe ẹ̀yẹ lásán. Ìmọ̀ tí ẹgbẹ́ kan ti jọ yẹ̀ wò ni.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń kì àjànàkú ní ìsinsìnyí. Alága ìjókòó ń kì bàbá ìyàwó, ó ní àjànàkú. Olórin fi í kì ẹni tó ń náwó fún un lójú agbo. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú kọ ọ́ sára pátákó lẹ́bàá títì márosẹ̀ Badagry. Kí ni wọ́n ń fà yọ lára erin? Títóbi nìkan. Erin tí ń tijú ènìyàn, erin ìyá ọlọ́mọ, erin tí ń wo oko olóko palẹ̀, gbogbo wọn ti lọ. Ẹni tó bá sì ṣì í kì, ta ni yóò dá a dúró? Ẹ̀rí ti tán níjokòó. Nígbà tí ẹran kúrò, kì í ṣe ẹran nìkan ló bá a lọ. Ẹni tó lè sọ pé "irọ́ lo pa" náà bá a lọ.

Bí egungun ṣe ń di òkúta rèé. Ẹran á kú, ẹrẹ̀ á bò ó. Omi tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá á máa kó èròjà òkúta wọ inú egungun náà díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó jẹ́ egungun níbẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìrísí rẹ̀ á ṣì wà, gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ló kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì àjànàkú rí lẹ́nu wa báyìí. Ìrísí rẹ̀ pé pérépéré, àmì ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì dùn létí. Owó ló kún inú rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ ò ṣe máa dàpọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó le báyìí? Ṣé dandan ni kéèyàn rí erin kó tó lè pa òwe erin? Ṣé Fágúnwà rí Àgbákò ni?" Ìbéèrè gidi ni, a ò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó rí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún tó wà nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ọdẹ ni Àkàrà-ògùn tó ń sọ ìtàn náà. Ọdẹ ń bá ẹni tó mọ igbó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí igbó kì í sábà ní. Ojú mẹ́rìndínlógún ń bani lẹ́rù torí pé a mọ ẹran olójú méjì. Ẹni tí kò bá mọ igbó tòótọ́, kò ní ohun tó fẹ́ fi wọn igbó irúnmalẹ̀. Lójú rẹ̀, erin àti Àgbákò ti di ẹgbẹ́: àwòrán ni àwọn méjèèjì.

Ìdáhùn kejì: a gbà pé òwe lè pẹ́ láyé ju ẹran lọ. Òkúta náà ń pẹ́ láyé. Ohun tí òkúta kò lè ṣe ni pé kó bímọ. Òwe tuntun mélòó ni ẹ ti gbọ́ nípa erin láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín? Ṣùgbọ́n ẹ gbé etí sí àwọn èèyàn ní ibùdókọ̀ Okokomaiko, ẹ ó gbọ́ àṣà tuntun nípa dánfó, nípa fóònù, nípa iná mànàmáná, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èdè ń bímọ níbi tí ojú ti ń bá nǹkan pàdé. Níbi tí ojú kò ti bá nǹkan pàdé mọ́, ó di pé à ń há ohun tí àwọn baba wa sọ sórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé gan-an, torí ó yẹ kí Yorùbá lè sọ̀rọ̀ nípa Diprotodon pẹ̀lú. Kí la fẹ́ pè é? Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa là sílẹ̀. Nígbà tí ràkúnmí wá láti òkè Ọya, wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Hausa, wọ́n sì fi í sẹ́nu wa títí ó fi di tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ẹran ńlá inú odò, wọ́n fi èyí tí wọ́n mọ̀ pè é: erin omi, erinmi. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe erin. Kò ní ọwọ́ìjà, kò ní etí gbàgà. Wọ́n kàn fi ohun tó wà nílé ṣe àfiwé ohun tó wà lódò. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, Diprotodon lè jẹ́ erin-alápò. Orúkọ náà dùn, ọmọdé á gbá a mú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: ẹni tó sọ ọ́ di erinmi ti rí erin, ó sì ti rí erinmi. Àwa tí a fẹ́ sọ "erin-alápò," ẹran tí a kò rí ni a fẹ́ fi ṣe àfiwé ẹran tí ẹnikẹ́ni kò lè rí mọ́.

Ìdí rèé tí a fi rò pé ká mú àfiwé náà wá láti ibi tí ojú wa tó. Àwa ará Ọ̀tọ̀-Àwórì mọ òkété. A mọ eyín iwájú rẹ̀ tí kì í yé dàgbà, a mọ ihò tó ń gbẹ́. Wombat tó jẹ́ ẹbí Diprotodon ní irú eyín bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbẹ́ ihò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti òkété kò bá ara wọn tan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ìbà, kó pè é ní Diprotodon bí ayé ṣe ń pè é, kó wá ní: "Ẹ mú eyín òkété, ẹ fi fún ẹran tó tó erinmi, ẹ gbé àpò sí i níkùn." Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á rí i.

Torí pé ẹni tó bá ń ṣe àríwísí yẹ kó fi tirẹ̀ náà lélẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe, àwa náà gbìyànjú láti kì í:

Eléyín iwájú, arìnrìn-àjò ọdọọdún,
Ó lọ igba kìlómítà, ó tún padà bọ̀ wálé;
Ó gbé ọmọ sápò, kì í ṣe ọjà ló ń ná,
Ó tó erinmi, odò kọ́ ló ń gbé,
Ó bá òkété jọ léyín, wọn ò bára tan;
Ẹrẹ̀ gbé e mì, ẹrẹ̀ ò lè jẹ egungun rẹ̀.

Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí kò ní egungun nídìí. Ìrìn-àjò yẹn, eyín kan ṣoṣo ló tú àṣírí rẹ̀: ní 2017, àwọn onímọ̀ yẹ èròjà inú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ẹran náà ń lọ ń bọ̀ lọ́dọọdún, tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ìyẹn ju Okokomaiko sí Ìbàdàn lọ dáadáa. Ẹrẹ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní Adágún Callabonna, ní gúúsù Ọsirélíà, láti bí 1893 ni wọ́n ti ń gbẹ́ egungun ọ̀pọ̀ Diprotodon tó rì sínú ẹrẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ la adágún náà kọjá. Bí a bá ṣì í kì, ẹni tó mọ̀ lè dá wa dúró. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ìyá ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni egungun kì í sọ. Ìyẹn gan-an ló sì kún inú ìjálá, torí pé ẹni tó wà níbẹ̀ ló sun ún.

Àwórì, nínú gbogbo ènìyàn, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Ọlọ́fin Ògúnfúnmìnírè tẹ̀ lé àwo kan lórí omi láti Ifẹ̀, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí. Àwo rì. Ohun tó rì ni a fi ń jẹ́ orúkọ. Àwo náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan dúró létí omi, ó wò ó, ó sì sọ ohun tó rí fún àwọn tó bi í léèrè. Òun ló jẹ́ kí orúkọ wà.

Kí là ń wò ní tiwa? Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níwọ̀nba díẹ̀. Ní 2021, àjọ IUCN kéde pé erin inú igbó ti wà lára àwọn ẹran tí ìparun sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí. Díẹ̀ ṣì kù, èyí sì túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ ṣì wà láàárín àjànàkú àti Diprotodon; àwọn ọdẹ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kan ṣì wà tó lè sọ fún akéwì pé irọ́ ló pa. Nítòsí wa níbí, kí iyanrìn tó dí àbàtà pa, akàn wà níbẹ̀, alégbà wà níbẹ̀, ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún wà nínú omi, àwọn àgbà apẹja sì wà tó mọ èyí tó yàtọ̀ sí èyí. Àwọn ewì tó ń dé ọwọ́ wa kún fún erin àti ẹkùn. A ò tíì rí ẹyọ kan tó kún fún akàn. Ẹni tó bá kọ ọ́, kó kọ́kọ́ kà á sí etí apẹja kan kó tó fi ránṣẹ́ sí wa. Bí bàbá náà bá dá a dúró ní àárín, kó má bínú. Kó tún un kọ.